Èèpo Tí À Ń Dà Nù: Oúnjẹ Wa, Ọ̀rá Ikùn àti Àwọn Kòkòrò Inú Ìfun

  Ẹni tó bá ń wakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, iwájú ni kí ẹ máa wò. Ẹni tó bá wà ní ilé ìdáná, ẹ dín iná kù díẹ̀ kí ẹ fetí sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná gan-an la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ìbéèrè kan sì ti ń pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ máa ń ya fọ́tò ìgò oògùn oníhóró, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, ẹ ó wá bi wá pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Lára ìgò wọ̀nyẹn, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ gàdàgbà: polyphenol. Wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá, ó ń fọ ìfun, ó ń pa iná inú ara. Owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé ohun tí wọ́n ń tà fún wa nínú ìgò yìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wà nínú oúnjẹ tí a mọ̀ láti kékeré. Àwa fúnra wa ló ń bó o, tí a ń sẹ́ ẹ, tí a sì ń dà á nù. Bí a sì ti ń sọ ọ́, n ó sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, torí kì í ṣe idán.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rá. Lọ́dọ̀ wa, tí ikùn ẹnì kan bá yọ síwájú, a ó ní owó ti dé, ara ti là. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú mẹ́jọ láyé ló ní ìsanrajù tó ti di àìsàn. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ tàbí wọ̀bìà lásán. Ohun tí a bí mọ́ èèyàn wà níbẹ̀, oorun tí kò tó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìjókòó wà níbẹ̀, owó tí a ní láti fi ra oúnjẹ náà sì wà níbẹ̀.

Kí ni ọ̀rá wá ń ṣe nínú ara? Tí ẹ̀gún bá gún wa lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á sì máa ta wá. Àwọn ọmọ ogun ara ló sáré débẹ̀ láti jà fún wa. Tí ẹ̀gún bá jáde, tí ojú ọgbẹ́ sì jiná, wọ́n á padà sí ààyè wọn. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní inflammation, ó sì dára, òun ni kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ kékeré pa wá. Ṣùgbọ́n nínú ara ẹni tí ọ̀rá ti pọ̀ jù, pàápàá ọ̀rá tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká nínú ikùn, ogun yẹn kì í parí. Kò wú síta, kò ta èèyàn, kò sí ibi téèyàn lè fọwọ́ kàn pé ibí ló ti ń dùn mí. Iná abẹ́ eérú ni. Ẹ ò rí ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jó.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń tọpa iná yìí. Ní ọdún 1993, Gökhan Hotamisligil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú àwọn eku tó sanra jù, ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ TNF-alpha. Èròjà yìí ló dà bí agogo tí wọ́n fi ń pe ogun. Nígbà tí wọ́n dá èròjà náà dúró, ínsúlínì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa lára àwọn eku náà. Ní 2003, ìwádìí méjì tún fi hàn pé àwọn ọmọ ogun ara máa ń kóra jọ pọ̀ sínú ọ̀rá bí ó ṣe ń pọ̀ sí i. Níbi tí iná yìí bá ti ń jó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ínsúlínì kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa mọ́, àtọ̀gbẹ lè tẹ̀lé e, òpó ẹ̀jẹ̀ lè bàjẹ́, ẹ̀dọ̀ náà lè kún fún ọ̀rá. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ó dáa, kí ló kan ìfun? Nínú ìfun ńlá wa, àìmọye bakitéríà ló ń gbé níbẹ̀. Àlejò kọ́ ni wọ́n, ayálégbé ni wọ́n, wọ́n sì ń san owó ilé. Wọ́n ń jẹ ohun tí àwa kò lè dà, pàápàá fáíbà, wọ́n sì ń sọ ọ́ di èròjà tó ń bọ́ ògiri ìfun. Lára ògiri náà, ohun kan wà tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, tó bo ògiri náà kí àwọn bakitéríà má bàa fara kàn án. Tí oúnjẹ wa bá jẹ́ ọ̀rá àti ṣúgà nìkan, tí kò sí fáíbà, ebi á pa àwọn ayálégbé wọ̀nyí, àwọn kan nínú wọn á sì yíjú sí ògiri ilé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun yíyọ̀ yẹn. Ògiri á wá fẹ́lẹ́. Ògiri tó bá lanu ni alángbá ń wọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń gba ihò yẹn kọjá ni èròjà kan láti ara bakitéríà, LPS ni wọ́n ń pè é. Ní 2007, Patrice Cani ní ilẹ̀ Belgium àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nígbà tí wọ́n fún eku ní oúnjẹ ọlọ́ràá púpọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, LPS inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sókè ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Tí LPS bá dé inú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á rò pé ọ̀tá ti wọ̀lú. Wọ́n á tún gbé ohun ìjà. Ẹ ti rí i báyìí pé ọ̀rá ikùn ń dá iná, ìfun tó fẹ́lẹ́ sì ń koná mọ́ ọn.

Ibí yìí ni polyphenol ti wọlé. Orúkọ agboolé ni, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Àwọn èròjà tí ewéko ń ṣe láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, kòkòrò àti àrùn ni, wọ́n sì ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀. Lára wọn ni ohun tó jẹ́ kí zobo pọ́n, kí èèpo ẹ̀wà dúdú tàbí kó pupa, kí tíì tí a kò fi mílíìkì sí máa fa ahọ́n. Wọ́n wà nínú àlùbọ́sà, ẹ̀fọ́, kòkó, àgbálùmọ̀, orógbó, obì, ọkà bàbà. Ewúro náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣàṣìrò: kì í ṣe gbogbo ohun tó korò ló jẹ́ polyphenol. Kíkorò ewúro, èròjà mìíràn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun kan ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu nípa polyphenol. Tí a bá jẹ ẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìfun kékeré ń gbà sínú ẹ̀jẹ̀, bíi márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù ń kọjá lọ sí ìfun ńlá. Báwo wá ni ohun tí ara kò gbà ṣe ń ṣe ara láǹfààní? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn ayálégbé wa ló ń jẹ ẹ́. Àwọn bakitéríà ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di èròjà kéékèèké tí ara wá lè gbà. Òun náà sì ń tún ìlú wọn ṣe: ó ń fún àwọn kan láǹfààní, ó ń dí àwọn mìíràn lọ́wọ́. Ní 2004, ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n ṣàpèjúwe bakitéríà kan tó ń jẹ́ Akkermansia muciniphila, tó ń gbé inú ohun yíyọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lára ọ̀pọ̀ àwọn tó sanra jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ní 2015, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi polyphenol èso àjàrà kún oúnjẹ ọlọ́ràá tí eku ń jẹ, Akkermansia pọ̀ gan-an nínú ìfun wọn, àmì iná inú ara wọn sì dín kù.

Mo gbọ́ yín, ẹ ní, "Eku, eku, eku. Àwa ń kọ́?" Ẹ̀yin lẹ gba ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Tanzania.

Ní agbègbè Kilimanjaro, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2025 nínú ìwé ìròyìn Nature Medicine. Ọkùnrin 77 tí ara wọn dá ló kópa. Àwọn kan ń gbé ìgbèríko, oúnjẹ àbáláyé ni wọ́n ń jẹ: ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkà tí wọn kò bó. Wọ́n ní kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ òyìnbó ayé òde òní fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan ń gbé ìgboro, wọ́n ní kí àwọn náà padà sí oúnjẹ àbáláyé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mìíràn ń mu ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní mbege fún ọ̀sẹ̀ kan. Lára àwọn tó kọ oúnjẹ ilé sílẹ̀, àmì iná inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, àwọn ọmọ ogun ara wọn ò sì jà dáadáa mọ́ nígbà tí wọ́n fi kòkòrò àrùn dán wọn wò. Lára àwọn tó padà sí oúnjẹ ilé, àti àwọn tó mu mbege, iná náà rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, díẹ̀ nínú àyípadà náà ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré o!

Èyí kò túmọ̀ sí pé polyphenol nìkan ló ṣe é. Oúnjẹ odindi ni wọ́n pààrọ̀: fáíbà wà níbẹ̀, polyphenol wà níbẹ̀, ohun kíkan wà níbẹ̀, ṣúgà àti òróró tó pọ̀ sì kúrò níbẹ̀. Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn. Polyphenol kì í dá rìn. Nínú oúnjẹ, èèpo kan náà ni òun àti fáíbà jọ ń gbé. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bá fà á yọ, tí wọ́n dì í sínú hóró oògùn, wọ́n ti yà á kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ti dán èyí náà wò. Ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ COSMOS, èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Àgbàlagbà 21,442 ló kópa. Wọ́n pín wọn, àwọn kan ń gba oògùn oníhóró tí wọ́n fà yọ láti ara kòkó, tó ní 500 mílígíráàmù flavanol lóòjọ́, ìyẹn irú polyphenol kan. Àwọn yòókù ń gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta àtààbọ̀, tí a bá kó ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àwọn àìsàn ọkàn mìíràn pọ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ikú láti ọwọ́ àìsàn ọkàn dín kù, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe olórí ìbéèrè tí ìwádìí náà wá dáhùn. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé hóró oògùn kan máa ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ bi í léèrè pé ta ló dán an wò, lára ta ni, fún ìgbà wo.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń dà nù.

Àkọ́kọ́, ẹ̀wà. Èèpo ẹ̀wà ni ilé polyphenol rẹ̀, èyí tó dúdú tàbí tó pupa sì máa ń ní i ju funfun lọ. Tí a bá fẹ́ ṣe mọ́ínmọ́ín àti àkàrà, a ó rẹ ẹ́, a ó bó o, èèpo á tẹ̀lé omi lọ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ àkàrà mọ́ o, èmi gan-an ò lè ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ̀wà sísè, tòun tèèpo, máa wọ inú ọ̀sẹ̀ wa dáadáa. Ẹni tí ẹ̀wà máa ń fẹ́ nínú, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí díẹ̀, kó máa fi kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn ayálégbé inú ìfun náà nílò àkókò láti mọ oúnjẹ tuntun.

Ìkejì, ògì bàbà. Àwọ̀ pupa ara ọkà bàbà, polyphenol ni, ara èèpo ló sì pọ̀ sí. A ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó kó èèrí fún ewúrẹ́ àti adìyẹ. Àwọn ẹran ọ̀sìn wa ń jẹ fáíbà tí àwa ń wá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ẹ lè fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ tóbi díẹ̀ sẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ fi ìyẹ̀fun ọkà bàbà tí a kò sẹ́ rárá ro ọkà. Kò ní jọ̀lọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró nínú èèyàn.

Ìkẹta, zobo. Òdòdó ìsápá pupa ni. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru díẹ̀. Àwọn tó mu ife zobo mẹ́ta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wọn fi bíi 7 wálẹ̀, ti àwọn yòókù ò ju bíi 1 lọ. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n zobo tí wọ́n ń tà fún wa lójú títì ń kọ́? Ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá ń fi ṣúgà dáná, tí ẹ wá ń fi zobo pa á, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ sè é nílé, ẹ fi ata ilẹ̀ àti ọ̀pẹ̀yìnbó díẹ̀ sí i, kó mọ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin, kòkó. Ondo, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ògùn: ilẹ̀ kòkó ni wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun mímu aláwọ̀ kòkó tí à ń pò fún àwọn ọmọ, ṣúgà àti ohun mìíràn ló ṣíwájú kòkó nínú rẹ̀. Ẹ máa ka ẹ̀yìn agolo: ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ dárúkọ ló pọ̀ jù. Ìyẹ̀fun kòkó gidi tí kò ní ṣúgà wà lọ́jà, ó korò díẹ̀, kíkorò yẹn gan-an ni ohun tí à ń wá.

Orógbó ńkọ́? Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olatunde Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí kolaviron, àkópọ̀ èròjà tó wà nínú orógbó, wọ́n sì rí i pé ó ń dín irú iná yìí kù. Ara eku ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Torí náà, ẹ máa jẹ orógbó yín bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́, ẹ má sọ ọ́ di oògùn.

Mo fẹ́ sọ ìkìlọ̀ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn tó kù nílé.

Èkíní, ọ̀pọ̀ tíì afajú-ikùn-wọlé, senna ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Tí ẹ bá gorí ìwọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ kẹta tí nọ́ńbà sì dín kù, omi àti ìgbẹ́ ló jáde, ọ̀rá ṣì jókòó síbẹ̀. Omi ara tó gbẹ lè ṣàkóbá fún kíndìnrín àti ọkàn.

Èkejì, ohun tó dára nínú ife lè di májèlé nínú hóró oògùn. Ní 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé tí èèyàn bá ń lo èròjà EGCG tí wọ́n fà yọ láti ara green tea, tó tó 800 mílígíráàmù lóòjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè máa pa ẹ̀dọ̀ lára. Kì í ṣe ife tíì kan o, àfikún oníhóró ni. Tíì náà ní tirẹ̀: bí a bá ń mu ún mọ́ oúnjẹ, kì í jẹ́ kí ara gba irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Ẹ̀yin aboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹ jẹ́ kí bíi wákàtí kan tàbí méjì wà láàárín oúnjẹ àti tíì.

Ẹ̀kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn kan ti ń ju oògùn àtọ̀gbẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, wọ́n ní omi ewúro tàbí zobo ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Oúnjẹ ń ran oògùn lọ́wọ́, kì í gba ipò rẹ̀. Tí ẹ bá sì ń lo oògùn tí ẹ tún ń mu ìwọ̀nyí lójoojúmọ́, ẹ sọ fún dókítà yín, torí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tàbí ṣúgà lè lọ sílẹ̀ jù. Màmá tó jókòó sí pálọ̀ yẹn, tó fi oògùn rẹ̀ pamọ́ sínú dùrọ́ọ̀, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ má bá a jà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́.

Àwọn àgbà ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Sáyẹ́ǹsì wá ń sọ fún wa pé ó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ ìfun, ọ̀rẹ́ àwọn ayálégbé tó ń gbé inú rẹ̀. Owó ìgò kan tí wọ́n ń polówó fún yín, ẹ bá mi ṣírò iye kóńgò ẹ̀wà olóyin tó lè rà, iye ìdì ẹ̀fọ́, iye àlùbọ́sà. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe: ẹ yan oúnjẹ kan tí ẹ máa ń bó tàbí tí ẹ máa ń sẹ́, kí ẹ jẹ ẹ́ tòun tèèpo. Kí ẹ wá sọ fún wa bó ṣe rí, kódà bí kò bá dùn lẹ́nu yín.

Ẹ fi abala yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ra tíì afajú-ikùn-wọlé, kó tó sanwó. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ oorun la máa sọ. Títí dìgbà náà, ẹ máa tọ́jú ara yín. Ó dàbọ̀ o.